Kókó àti Ojóbó

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ irọ́, ẹnu ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ pẹ̀lú a máa pa irọ́, irọ́ ọwọ́ a sì máa pẹ́ kí ó tó hàn. Ìwọ òǹkàwé, jẹ́ kí a gbé iṣẹ́ kékeré kan yẹ̀ wò lórí ọ̀ràn yìí: iṣẹ́ àwọn tí ń fi òwú tín-ín-rín ta àwọ̀n ọ̀ṣọ́ sí ìṣẹ́tí aṣọ.

Kì í ṣe lésì tí a ń wọ̀ lọ sí ibi ìnáwó ni mo ń wí. Ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ìyẹn. Iṣẹ́ tí mo ń wí ti wà ṣáájú ẹ̀rọ. Ní ọdún 1587 ni Federico Vinciolo, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé àpẹẹrẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní ìlú Páríìsì, àwọn obìnrin sì ń ṣe é kí ìwé náà tó dé. Oníṣẹ́ yóò wé òwú mọ́ abẹ́rẹ́ gígùn kan tí orí rẹ̀ méjèèjì là. Yóò mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan dání. Ọ̀pá yìí ni òṣùwọ̀n rẹ̀, nítorí bí ọ̀pá bá ti tóbi tó ni ojú àwọ̀n yóò ṣe tóbi tó. Yóò yí òwú ká ọ̀pá, yóò ti abẹ́rẹ́ gba inú ojú tí ó wà lókè, yóò yí òwú po, yóò sì fà á le. Bí ó bá fẹ́ kí etí náà ṣe rẹ́gí bí abẹ̀bẹ̀ tí a tẹ́, yóò ta ojú púpọ̀ sínú ojú kan ṣoṣo. Apẹja tí ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe ní etí omi, kókó kan náà ni òun pẹ̀lú ń ta. Okùn tirẹ̀ ni ó kàn nípọn jù.

Agbára iṣẹ́ yìí ni pé kókó kọ̀ọ̀kan dá dúró. Bí òwú súẹ́tà bá já, ìlà a máa tú tẹ̀lé ìlà. Bí òwú àwọ̀n bá já, ihò kan ni yóò lu, àwọn ojú tí ó yí i ká yóò sì dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n bí òwú bá yọ̀ díẹ̀ kí oníṣẹ́ tó fà á le, ohun tí yóò jáde kì í ṣe kókó mọ́, ojóbó ni. Bí a bá wò wọ́n, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ọjọ́ tí a bá fọ aṣọ náà tí a sì fà á ni ojóbó yóò sún kúrò ní ipò rẹ̀. Ojú kan yóò fẹ̀, èkejì yóò sì fún.

Wàyí o, ká ní oníṣẹ́ kan ti ta ìlà mẹ́ta kọjá kí ó tó rí ojóbó kan lẹ́yìn. Òwú kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀, nítorí náà kò lè dé ibẹ̀ láìtú gbogbo ohun tí ó ti ta lẹ́yìn rẹ̀, kókó tí ó ti le kì í sì í rọrùn láti tú. Ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ ń bọ̀ lọ́la. Owó oúnjẹ àwọn ọmọ ń bẹ nínú rẹ̀. Kí ni kí ó ṣe?

Ìwọ yóò yára dáhùn pé kí ó tú u, nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò tó wa níhìn-ín. Bóyá inú àpótí ni aṣọ náà yóò wà títí ẹni tí ó rà á yóò fi kú, tí ojóbó náà kò sì ní sún láé. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù àṣírí nìkan ni ó mú wa ṣe òtítọ́, a jẹ́ pé ẹni tí ó bá ti dá lójú pé àṣírí kò ní tú ti gba àyè láti rẹ́ni jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí owó ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn ni ìrẹ́jẹ ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí aṣọ bà jẹ́. Kókó ni olùrà san owó lé lórí. Ojóbó ni ó gbé lọ sílé.

Síbẹ̀ èmi kò sọ pé gbogbo àbùkù ni a gbọ́dọ̀ tú. Bí ojú kan bá tóbi ju èkejì lọ, olùrà rí i kí ó tó sanwó. Àbùkù tí ó hàn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tí ó fi ara jọ agbára nígbà tí kì í ṣe agbára ni ó burú. Ọ̀nà kan sì wà tí àwọn tí ń kọ́ni ní ìwà kì í sábà dárúkọ, bóyá nítorí pé kò ní iyì púpọ̀: oníṣẹ́ náà lè fi ojóbó sílẹ̀, kí ó fi ìka tọ́ka sí i fún olùrà, kí ó sì dín owó kù. Yóò pàdánù owó díẹ̀, ó sì lè pàdánù orúkọ díẹ̀, èyí tí ó máa ń dun oníṣẹ́ ọwọ́ ju owó lọ.

Ní ọdún 1809 ni John Heathcoat, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń ṣe àwọ̀n lésì. Àwọn ènìyàn fi ìbínú fọ́ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ní ìlú Loughborough ní ọdún 1816, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá a dúró. Àwọ̀n ti ẹ̀rọ náà kò ní kókó rárá. Ṣe ni ó ń lọ́ òwú mọ́ra. Kò lè ta ojóbó, a kò sì lè torí rẹ̀ pè é ní olóòótọ́.

Ìwọ ńkọ́? Ìdáhùn ìṣirò tí o ronú kàn fúnra rẹ, àti èyí tí o wò nínú ìwé ẹni tí ó jókòó tì ọ́, máàkì kan náà ni olùkọ́ fún wọn. O lè ní o kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí kò sí ẹni tí ó sanwó. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà ní ìjókòó ẹ̀yìn tí ó ṣe tirẹ̀ láìwo ti ẹnikẹ́ni, tí ó sì gba mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá. Bi í léèrè.