Ẹ̀rọ Atọ́nà àti Ẹni Tí Ń Béèrè Ọ̀nà

Ìbéèrè kan wà tí ó tọ́ kí olúkúlùkù ẹni tí ń lọ sí ilẹ̀ òkèèrè bi ara rẹ̀ kí ó tó gbé ẹsẹ̀ kúrò ní ilé: Ta li èmi yóò gbẹ́kẹ̀ lé láti fi ọ̀nà hàn mí? Li ayé àwọn baba wa, ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Wọn a máa wí pé, abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ti Ìgbàrà-Odò lọ sí ìlú tí kò dé rí, ẹnu rẹ̀ li ó gbé dání. Yóò béèrè ní Ìgbàrà-Òkè, yóò tún béèrè li Àkúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ti ẹnu dé ẹnu títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ.

Ṣùgbọ́n li ayé tiwa yìí, ẹ̀rọ kékeré kan ti dé tí a lè dì mú li ọwọ́ kan, èyí tí àwọn tí ó ṣe é ń pè ní GPS. Ẹni tí ó mú un dání kò ní láti la ẹnu bi ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà sì ti wọ inú tẹlifóònù alágbèéká ọ̀pọ̀ nínú wa. Ṣé ó dára kí a máa rìn bẹ́ẹ̀? Kí li a jèrè, kí sì li a pàdánù? Bí ó bá ṣì wá lọ́nà, ọrùn ta li ẹ̀bi náà wà? Ọ̀rọ̀ yìí li a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ní nǹkan bí ọdún 2006, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ sí Kétu, ní ilẹ̀ Benin, nítorí ọ̀ràn àna. Ọmọ náà mú ẹ̀rọ yìí wá. Li òwúrọ̀ tí a ń jáde kúrò ní ilé tí a wọ̀ sí, ó tẹ bọ́tìnì kan, ó sì fi àmì ibẹ̀ sínú ẹ̀rọ. A wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé àwọn àna wa. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ tí a kò rí ọkọ̀, a pinnu láti fi ẹsẹ̀ rìn padà. Ọfà kan yọ li ojú ẹ̀rọ náà, ó nà tààrà sí ibi tí a wọ̀ sí. Ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ku kìlómítà mẹ́rin. Ojú títì yà sí apá òsì, ṣùgbọ́n ọfà nà sí apá ọ̀tún, níbi tí ọ̀nà oko tóóró kan wà. Mo ní kí a béèrè. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ fi ọkàn balẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í purọ́.”

A rìn títí ọ̀nà oko náà fi dópin nínú koríko tí ó ga ju ènìyàn lọ, oòrùn sì ń wọ̀. Ìyá arúgbó kan tí ó ru igi bọ̀ láti oko li ó bá wa níbẹ̀. A kí i, ó sì dá wa lóhùn ní Yorùbá tí ó yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, ṣùgbọ́n tí a gbọ́ yékéyéké. Ó béèrè pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta li ó júwe ibí fún yín?” Ọmọ náà fi ẹ̀rọ hàn án. Ìyá wò ó, ó wo ọfà rẹ̀, ó sì wí pé, “Ṣé òun ti dé ibí rí?”

A kò rí ìdáhùn fún un. Ìyá wá fi yé wa pé kòtò jíjìn kan wà níwájú wa, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti gbẹ́ ẹ láyé àtijọ́ láti gba omi òjò pamọ́, nítorí omi ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Kétu. Koríko sì ti bò ó mọ́lẹ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yí padà pẹ̀lú ẹrù igi li orí rẹ̀, ó ṣáájú wa, kò sì fi wá sílẹ̀ títí a fi dé ojú títì.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ìyá yìí kò ti kúrò li ọkàn mi. Nítorí ẹ̀rọ náà kò purọ́ lóòótọ́. Ibi tí ọfà rẹ̀ nà sí gan-an ni ilé tí a wọ̀ sí wà. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó mọ̀ kò tó fún ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn li orí ilẹ̀.

Kí ìdájọ́ wa má baà wọ́, ó yẹ kí a mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Sátẹ́láìtì tí kò dín ní 24 ni ìjọba Amẹ́ríkà gbé sí òfuurufú, tí wọ́n ń yí ayé po ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà li òkè wa. Li ọdún 1973 ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ fún àwọn ológun. Li ọdún 1978 ni àkọ́kọ́ nínú wọn gòkè lọ. Ó sì di ọdún 1995 kí wọ́n tó kéde pé iṣẹ́ náà pé. Aago tí ó péye gidigidi wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ń kéde àkókò sí ilẹ̀ láìdákẹ́. Ẹ̀rọ ọwọ́ wa ń gbọ́ ìkéde náà, ó ń ṣírò bí ó ti pẹ́ tó li ọ̀nà, ó sì ń ti ibẹ̀ mọ bí sátẹ́láìtì náà ti jìnnà tó. Bí ó bá gbọ́ ti mẹ́rin, ó lè sọ ibi tí a dúró sí. Bí aago kan bá fi ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ṣì, àṣìṣe jíjìnnà náà yóò tó 300 mítà. Iṣẹ́ ọgbọ́n ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tín-ín-rín wò ó.

Síbẹ̀ ẹ kíyèsí i: àkókò li ó ń kà. Kò rí koríko, kò rí kòtò, kò mọ ẹni tí ó ni oko. A máa ń wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀rọ yìí sì jẹ́ àlejò níbi gbogbo. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó yà mí lẹ́nu. Irú èyí tí kò ní kọ́ńpáàsì nínú kò lè mọ apá ibi tí ènìyàn kọjú sí nígbà tí ó bá dúró lójú kan. Ó di ìgbà tí ó bá gbé ẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí yóò rìn li ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan ibi tí yóò kọjú sí.

Èdè wa fi ìyàtọ̀ sí àárín kí ènìyàn sọnù àti kí ó ṣìnà. Ẹni tí ó sọnù kò mọ ibi tí ó wà. Ẹni tí ó ṣìnà lè mọ ibi tí ó wà dáradára, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń tọ̀ kò ní gbé e dé ibi ire. Ẹ̀rọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìsọnù kúrò li ayé. Kò lè mú ìṣìnà kúrò. Ní oṣù March ọdún 2011, tọkọtaya kan láti Kánádà ń wa ọkọ̀ lọ sí Las Vegas li Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ wọn fi ọ̀nà àbùjá hàn wọ́n láàárín àwọn òkè Nevada, ọkọ̀ wọn sì rì sínú ẹrẹ̀. Ọkọ fi ẹsẹ̀ jáde lọ wá ìrànlọ́wọ́, ó mú ẹ̀rọ náà dání, kò sì padà mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje li àwọn ọdẹ rí ìyàwó rẹ̀ láàyè nínú ọkọ̀. Ó di ọdún 2012 kí a tó rí òkú ọkọ. Wọn kò sọnù, wọ́n ṣìnà.

Nítòsí wa pẹ̀lú, ní oṣù October ọdún 2013, òkú ènìyàn 92 li a rí ní aṣálẹ̀ ilẹ̀ Niger, níhà ààlà Algeria, obìnrin àti ọmọdé li ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọkọ̀ tí ó gbé wọn bàjẹ́ lọ́nà, òùngbẹ sì pa wọ́n. Lẹ́yìn òfin tí ìjọba ibẹ̀ ṣe li ọdún 2015 lòdì sí kíkó arìnrìn-àjò kọjá, ọ̀pọ̀ awakọ̀ fi ọ̀nà tí kànga wà sílẹ̀, wọ́n ń gba ibi tí kò sí kànga, kí àwọn agbófinró má baà rí wọn. A sì fagi lé òfin náà li ọdún 2023. Ẹ̀rọ lè sọ ibi tí ènìyàn dúró sí nínú iyanrìn náà. Kò lè fún un ní omi mu.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹ̀rọ pẹ̀lú. Li ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù September ọdún 1983, ọkọ̀ òfuurufú kan tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Kòríà ti Gúúsù ṣìnà wọ òfuurufú ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì. Àwọn ológun ibẹ̀ yìn ín lulẹ̀, ènìyàn 269 sì kú. Láàárín oṣù náà ni ìjọba Ààrẹ Reagan kéde pé, nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí, àwọn tí kì í ṣe ológun pẹ̀lú yóò lè lò ó. Ní oṣù May ọdún 2000 ni ìjọba Ààrẹ Clinton sì mú ìdíwọ́ kúrò, èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i kí ó má baà péye fún aráyé. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ṣìnà wà nínú ìtàn bí ohun yìí ti ṣe dé ọwọ́ wa.

Ẹ tún wo èyí. Àwọn baba wa ní kí a béèrè, ṣùgbọ́n wọ́n wí bẹ́ẹ̀ nínú ayé tí àlejò jẹ́ ẹni ọ̀wọ̀. Ní oṣù April ọdún 2023, ní Kansas City li Amẹ́ríkà, ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, ọmọ ọdún 16, lọ mú àwọn àbúrò rẹ̀ wálé. Ó ṣi òpópó kan mú fún òmíràn tí orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà, arúgbó tí ó ni ilé sì yìnbọn lù ú. A dúpẹ́ pé kò kú. Ẹ̀yin ará Ìgbàrà-Odò tí a ń ṣì mú fún ará Ìgbàrà-Òkè, ẹ ro ó wò. Bí àlejò bá wá ilé kan ní ìlú wa, tí ilé náà sì wà ní ìkejì, ẹ̀rín àti omi tútù li a fi ń yanjú rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Obìnrin tí ó dá wà ní ìlú àjèjì li òru, tí kò gbọ́ èdè ibẹ̀, ta ni yóò ní kí ó máa kan ilẹ̀kùn kiri? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, asà ni ẹ̀rọ yìí jẹ́, ẹni tí ó bá sì fi ṣe ẹlẹ́yà kò mọ ìpọ́njú ọmọnìkejì rẹ̀.

Níbo wá ni ẹ̀bi wà? Bí ènìyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ júwe ọ̀nà èké fún àlejò, ìkà li a ó pè é. Bí ó bá ṣèèṣì, ojú yóò tì í, yóò sì sáré tẹ̀lé àlejò náà láti pè é padà. Ẹ̀rọ kò ní ojú tí ìtìjú lè mú. Nítorí náà, ẹrù tí ó yẹ kí atọ́nisọ́nà àti arìnrìn-àjò jọ pín, orí arìnrìn-àjò nìkan li ó kù sí. Bí a ti ń gba ìrọ̀rùn ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ li a ń gba ẹ̀bi rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo sì ní láti jẹ́wọ́ ti ara mi. Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo rí i pé ojú títì yà sí apá òsì, ọkàn mi sì sọ fún mi pé kí n kọ̀ jálẹ̀. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́, nítorí èmi kò fẹ́ kí ọmọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí mi bí ará oko. Bí ọmọ náà bá ti jìn sí kòtò, n kò ní lè di í ru ẹ̀rọ. Mo ti rí i láti ìgbà náà pé ìtìjú báyìí li ó wà nídìí ọ̀pọ̀ ìṣìnà. Ẹni tí ń béèrè ọ̀nà jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀rọ a máa rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìjẹ́wọ́ náà.

Ohun kan sì kù. Ọ̀tọ̀ ni kí a júwe ọ̀nà fún ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí a sìn ín dé ọ̀nà. Ẹ̀rọ lè júwe. Kò lè sìn ni. Ìlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fà li ọdún 1889, tí ó pín ilẹ̀ Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn sí méjì, wà nínú ẹ̀rọ ọmọ náà. Ó sọ fún wa pé a ti dé ilẹ̀ òkèèrè. Kò sọ fún wa pé ìyá kan ń bọ̀ lóko tí yóò pè wá ní ọmọ òun, tí yóò sì fi ẹrù igi li orí padà sẹ́yìn nítorí wa.

Ìdájọ́ mi nìyí. Ẹ mú ẹ̀rọ náà lọ, ẹ sì mú bátìrì mìíràn dání pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí ó má ṣe onídàájọ́. Ẹ kọ́ orúkọ ibi tí ẹ ń lọ bí àwọn ará ibẹ̀ ti ń pè é. Nígbà tí ohun tí ẹ̀rọ wí bá yàtọ̀ sí ohun tí ojú yín rí, ẹ dúró. Bí ibẹ̀ bá sì jẹ́ ibi tí a lè gbé béèrè láìséwu, ẹ kí ẹni tí ẹ bá rí, kí ẹ sì béèrè.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà fún àwa tí a jókòó sílé. Àwọn àlejò tí ń wá omi gbígbóná Ìkògòsì ń gba ìlú wa kọjá, ọ̀pọ̀ nínú wọn li ó sì ń tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ọwọ́ wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé ojú sókè tí ó bi wá ní ọ̀nà, a kò gbọdọ̀ na ọwọ́ lásán kí a sì máa bá tiwa lọ. Bí ọ̀nà náà bá ní kòtò, kí á sìn ín kọjá rẹ̀.