Ta Ni Yóò Tún Kànga Ẹlòmíràn Ṣe?

Bí oṣù Keje bá ti wọlé báyìí, àwọn gbọ̀ngàn ayẹyẹ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìkẹjà kì í sinmi. Àsìkò ìwúyè ààrẹ tuntun ni fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú bíi Rotary àti Lions. Ọjọ́ kìíní oṣù náà ni ọdún ẹgbẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ọdún kan péré sì ni ààrẹ ń lò lórí àga. Ẹ ó rí aṣọ ẹgbẹ́, ẹ ó rí gèlè, ẹ ó rí ẹ̀wọ̀n oyè tí ààrẹ àná bọ́ lọ́rùn ara rẹ̀ tó fi kọ́ tuntun lọ́rùn. Alága ìjókòó á dìde, á ní kí àwọn èèyàn jọ̀ọ́ fi owó ti ààrẹ tuntun lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ààrẹ á ka ohun tó fẹ́ ṣe: kànga dẹ̀rọ fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, àyẹ̀wò ojú àti gíláàsì ọ̀fẹ́ fún àwọn àgbà, àga àti tábìlì fún kíláàsì tí àwọn ọmọ ti ń jókòó nílẹ̀, kẹ̀kẹ́ fún àwọn tí kò lè rìn. Àtẹ́wọ́ á dún.

Mi ò bá wọn jà sí àtẹ́wọ́ yẹn. Owó àpò ara wọn ni wọ́n ń ná, ọ̀pọ̀ olówó ìlú ni kì í sì í ná kọ́bọ̀ lórí ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ẹni tó bá ní fàájì lásán ni wọ́n ń ṣe, kí ó tọ dókítà wọn lẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé kan, kí ó wò ó bó ṣe ń tan iná sójú ìyá arúgbó lábẹ́ igi máńgòrò láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Ohun tí mo máa ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí oṣù Keje mìíràn bá dé.

Ẹ jẹ́ ká wo kànga dẹ̀rọ kan. Irú rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹni tó ń ka èyí á ti mọ ọ̀kan ládùúgbò rẹ̀. Táǹkì dúdú wà lórí òpó irin, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin wà nísàlẹ̀, òkúta mábù wà lára ògiri: orúkọ ẹgbẹ́, orúkọ ààrẹ, orúkọ ẹni ńlá tó wá ṣí i, ọjọ́ tí wọ́n ṣí i. Lọ́dún àkọ́kọ́, omi ń yọ, kẹ́ẹ̀gì ń tò. Nígbà tó yá, ẹnu ẹ̀rọ kan kán, wọ́n fi igi dí i. Iná mọ̀nàmọ́ná tó ń lọ tó ń bọ̀ jó pọ́ńpù tó wà nísàlẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọba ti gbé e lọ sí ilé ìwé mìíràn. Ta ni wọn yóò sọ fún? Kò sí nọ́ńbà fóònù lára mábù. Ààrẹ tó gbẹ́ ẹ ti di ààrẹ àná, tuntun kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀: táǹkì ti gbẹ, àwọn ewúrẹ́ ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ibùsùn, àwọn ọmọ sì ti padà sí odò. Mábù ń dán. Kò sí lẹ́tà kan tó pa rẹ́ lára rẹ̀.

Ẹgbẹ́ kan náà lè tún wá gbẹ́ òmíràn sí òdìkejì títì. Kì í ṣe pé wọn kò rí èyí tó ti kú. Àtúnṣe ni kò ní ayẹyẹ. Ta ló ń pe oníròyìn pé kí ó wá wo pọ́ńpù tí wọ́n pààrọ̀? Bí ààrẹ tuntun bá sì tún iṣẹ́ ẹni àná ṣe, orúkọ ẹni àná ni yóò ṣì wà lára ògiri, nígbà tó jẹ́ pé owó tirẹ̀ ló wọlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni èmi ti ń wo ìwà. Àánú wà nínú gbígbẹ́ kànga, kò sí àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n ìyìn ń bá àánú náà rìn, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó ṣíwájú nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá náwó sórí kànga tí orúkọ ẹlòmíràn wà lára rẹ̀, tí kò sì ní kí wọ́n yọ mábù yẹn fi tòun sí i, a ti mọ ohun tó mú un jáde nílé.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fọ̀. Wọ́n á ní àwọn tó ń dáwó fẹ́ rí ohun tuntun, pé kò sẹ́ni tó ń dáwó ńlá fún àtúnṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ ìṣílé nìkan la máa ń pè wọ́n. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ́ kò ní kó gbogbo owó sínú ihò ilẹ̀ lọ́jọ́ kan: á yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àtúnṣe, á kọ nọ́ńbà ẹni tó ń tún pọ́ńpù ṣe sára ògiri, á sì fa kọ́kọ́rọ́ lé àwọn obìnrin tó ń pọn omi níbẹ̀ lọ́wọ́, torí àwọn ni ìyà máa kọ́kọ́ jẹ bí omi bá dá. Bí wọ́n bá ń gba owó kékeré lórí kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé, kò burú. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń pè é ní àìláàánú. Omi ọ̀fẹ́ tí kò yọ mọ́ ńkọ́?

Rotary fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mábù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Paul Harris pàdé àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ mẹ́ta ní Chicago: ọ̀kan ń ta èédú, ọ̀kan jẹ́ ẹnjiníà ìwakùsà, ẹnì kẹta jẹ́ télọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ ṣíṣe àti kí wọ́n máa ra ọjà lọ́wọ́ ara wọn ló jẹ wọ́n lógún, wọn kò sì fi bò. Lọ́dún 1907 ni wọ́n wá dáwọ́ lé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ìlú. Kí ni iṣẹ́ náà? Ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ bá gbọ̀n láàárín ìlú nígbà náà, àfi kó yà sí ilé ọtí tàbí ilé ìtajà ńlá, àwọn ọlọ́tí àti àwọn onílé ìtajà sì ta ko ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba náà nítorí pé ọ̀nà tí oníbàárà ń gbà wọlé tọ̀ wọ́n wá nìyẹn. Èmi fẹ́ràn ìbẹ̀rẹ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ti ṣe lẹ́yìn rẹ̀ lọ. Wọ́n wo ohun tó ń ni ará ìlú lára lóòótọ́, wọn kò wo ohun tí yóò dára nínú fọ́tò.

Ní Chicago kan náà, lọ́dún 1932, ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan, Herbert Taylor, gba àkóso ilé iṣẹ́ tó ń ta ìkòkò alumíníọ̀mù, tí gbèsè ti fẹ́ pa kú. Ó kọ ìbéèrè mẹ́rin sílẹ̀ tí òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ yóò máa bi ara wọn: ṣé òótọ́ ni, ṣé kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ṣé yóò mú inúure àti ọ̀rẹ́ wá, ṣé yóò ṣe gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn láǹfààní? Ìpolówó ọjà tiwọn ló kọ́kọ́ ṣubú nínú ìdánwò náà. Wọ́n yọ gbogbo "tó dára jù lọ" kúrò níbẹ̀ nítorí pé wọn kò lè jẹ́rìí sí i. Taylor tún sọ nípa òǹtẹ̀wé kan tó dá iye iṣẹ́ lé fún wọn, tó wá rí i nígbà tí wọ́n ti gbà á tán pé òun ti fi 500 dọ́là ṣì í. Òfin wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n wo ìbéèrè kejì, wọ́n san án.

Rotary sọ ìbéèrè mẹ́rin yìí di ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ́dún 1943, títí dòní ni wọ́n sì ń kà á ní ìpàdé. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n fi ń bi ara wọn bóyá wọ́n ń rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nígbà tí òfin wọn kò gba obìnrin kankan wọlé. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ kan lọ́dún 1987 tó ṣílẹ̀kùn fún àwọn obìnrin níbẹ̀, ọdún 1989 ni ẹgbẹ́ náà tó yí òfin rẹ̀ padà fún gbogbo ayé. Mi ò sọ èyí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ohun rere tí èèyàn ń kà lójoojúmọ́ lè mọ́ ọn lẹ́nu débi tí kò ní gbọ́ ọ mọ́.

Kò sì yẹ ká máa ṣe bíi pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá ṣe àáró mọ̀ pé iṣẹ́ oko kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ ebè. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ lọ́dún 1934. Ilé ìwé kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣí tán kó máa lọ sílé: olùkọ́ máa gba owó oṣù, òrùlé máa jò, ọmọ tuntun máa dé lọ́dọọdún. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti lọ, ilé ìwé náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ kan wà tí Rotary fi hàn pé òun náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìyẹn ogun rọpárọsẹ̀. Lọ́dún 1985 ni wọ́n kéde rẹ̀, tí wọ́n ní àwọn yóò dá 120 mílíọ̀nù dọ́là jọ. Nígbà tí ọdún 1988 fi máa dé, 247 mílíọ̀nù ló wọlé. Ọmọ tó tó 350,000 ni àrùn náà ń rọ lọ́dún 1988 yẹn, ní orílẹ̀-èdè 125. Ààrẹ Rotary lágbàáyé náà kì í lò ju ọdún kan lọ. Àwọn tó ti jẹ ẹ́ láti 1985 tó bí ogójì, kálukú wọn ló mú àkòrí tirẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní iṣẹ́ rọpárọsẹ̀ ti ẹni àná ni, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá tòun.

Ní oṣù Keje 2003, ó kan ọmọ Nàìjíríà. Jonathan Majiyagbe, agbẹjọ́rò àgbà tó fi Kano ṣe ibùgbé, ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ Rotary lágbàáyé. Ọdún yẹn gan-an ni Kano àti àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya kọ oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀. Ilé ẹni ni iná ti ń jó, ẹni sì ni wọ́n fi ṣe olórí panápaná! Wọ́n ní oògùn náà ń sọ ọmọbìnrin di àgàn. Irọ́ ni, àmọ́ ẹ má ṣe yára fi àwọn òbí yẹn rẹ́rìn-ín. Ní Kano kan náà, lọ́dún 1996, ilé iṣẹ́ apòògùn kan láti òkè òkun ti fi oògùn tuntun dán àwọn ọmọ tí àrùn yírùnyírùn ń ṣe wò, àwọn ọmọ kú, àwọn mìíràn di aláàbọ̀ ara, ẹjọ́ rẹ̀ sì wà nílé ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, ìfura di oògùn fún un. Nígbà tí Kano fi máa gbà padà lọ́dún 2004, kòkòrò àrùn náà ti gba àríwá Nàìjíríà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tó wá ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe àwọn tó ń wọ ẹ̀wọ̀n oyè. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, tí wọ́n gbé kúlà kọ́ èjìká, tí yìnyín wà nínú rẹ̀ kí oògùn má baà bàjẹ́. Wọ́n á kan ìlẹ̀kùn, wọ́n á bi ọmọ mélòó ló wà nínú ilé, wọ́n á kán oògùn sẹ́nu ọmọ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á fi tàdáwà kun èékánná ìka rẹ̀ kan, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ti dé ibẹ̀. Lọ́dún 2012, ọmọ 122 ló kó rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà, ó ju ìdajì gbogbo ti àgbáyé lọ. Ní oṣù Kejì 2013, àwọn agbébọn yìnbọn pa àwọn òṣìṣẹ́ àjẹsára ní Kano, ó kéré tán mẹ́sàn-án, obìnrin ni wọ́n. Àwọn tó kù tún gbé kúlà. Ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti rí àwọn tó kó o kẹ́yìn, lọ́dún 2016, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé rọpárọsẹ̀ àdánidá, ìyẹn èyí tí kò ti ara oògùn wá, ti kúrò ní Áfíríkà. Ibo ni wọ́n fẹ́ kọ orúkọ sí? Ọmọ tí kò rọ kò mọ ẹni tó yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sì tíì tán. Irú kan tó máa ń yọ láti ara oògùn tí wọ́n ń kán sẹ́nu, níbi tí àwọn tó gba àjẹsára kò ti pọ̀ tó, ṣì ń hàn ní Nàìjíríà, nítorí náà wọ́n tún ń jáde. Wọ́n á kan ìlẹ̀kùn ilé tí àmì ṣọ́ọ̀kì ti tẹ́lẹ̀ kò tíì pa rẹ́ lára rẹ̀. Ìyá ọmọ á yọjú, á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá lọ́jọ́sí náà kọ́ nìyí?" Ẹni tó gbé kúlà á sọ ọ́ kalẹ̀, á nu òógùn ojú, á ní, "Àwa náà ni, mà. Ẹ bá wa pe àwọn ọmọ."