Sàárà Nìkan Kò Sọni Dọmọlúàbí

Bí ọmọlanke tó kó àpò ìrẹsì bá ń bọ̀ láàárín Ọjà Ọba ní Òṣogbo, kò sí ẹni tí kì í yà fún un. Alábàárù á máa pariwo, "Ẹ yàgò o! Ẹ yàgò lọ́nà!" Ìyá tó pàtẹ ata á fa agbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn, ọlọ́kadà á tẹ bíréèkì, ẹni tó ń ná ọjà lọ́wọ́ á fara mọ́ ògiri. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ọ̀nà ti là. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ arọ ló ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ á bẹ̀bẹ̀ títí, á máa wá ibi tí táyà lè gbà láàárín pẹpẹ àti gọ́tà. Ẹnìkan á wò ó tàánútàánú, á na ₦200 sí i, kò sì ní gbé agbọ̀n rẹ̀ kúrò lọ́nà. Ẹni náà kò tọrọ owó. Ata àti ẹja ló wá rà.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi kò ju èyí lọ: àánú pọ̀ lọ́wọ́ wa ní Ọ̀ṣun, àyè ni a kì í fún ènìyàn. A sì ti jẹ́ kí àánú yẹn tó wa débi pé a gbà pé ọmọlúàbí ni wá.

Ẹni tó bá mọ Òṣogbo mọ̀ pé ọjà yìí kò jìnnà sí ààfin Àtáọ́ja, mọ́ṣáláṣí ńlá ìlú sì wà ládùúgbò ibẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ àpò. Afọ́jú á gbà, arọ á gbà. Mi ò ní bẹnu àtẹ́ lu sàárà láéláé. Ẹ̀sìn pa á láṣẹ, àwọn baba wa náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fún aláìní ní nǹkan. Ohun tó ń dùn mí ni pé, bí ẹ bá wo ọjà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi kan ṣoṣo tí arọ lè jókòó sí tí ẹnikẹ́ni kò ní lé e ni ibi tí alágbe ń jókòó sí. Bó bá fẹ́ gba owó, àyè wà. Bó bá fẹ́ ná owó, tàbí kó pàtẹ tirẹ̀, kò sáyè.

Láàárín 2010 sí 2018, nígbà tí Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ń ṣe gómìnà, Ìpínlẹ̀ Ọmọlúàbí ni ìjọba fi ń ki Ọ̀ṣun. Ìjọba ti yí padà láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n oríkì yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu ará ìlú, inú mi sì dùn sí i, torí ẹni tó bá gba orúkọ rere, a lè fi orúkọ náà bi í léèrè ìwà. Bí àwọn àgbà bá ń ka ohun tó ń sọni di ọmọlúàbí, wọn kì í dúró sórí inú rere nìkan. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ sísọ, wọ́n á ka ìbọ̀wọ̀fúnni, òtítọ́, iṣẹ́ àti làákàyè. Bí a bá wá dé ọ̀dọ̀ aláàbọ̀ ara, inú rere nìkan la máa ń mú, a ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹnu. Yorùbá tó ń bá ọmọ ọdún méjìlá wí nítorí pé ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ìwọ", òun kan náà ló ń wo baba ẹni àádọ́ta ọdún tó jókòó sínú kẹ̀kẹ́, tó ń sọ fún un pé, "Wò ó, kúrò níbẹ̀ yẹn." Ìyá tí kò ríran mú ọmọ rẹ̀ dání wá sọ́dọ̀ aláṣọ. Aláṣọ kọjú sí ọmọ, ó ní, "Kí ni wọ́n ń fẹ́? Èló ni wọ́n fẹ́ san?" Ìyá sì wà ní ìdúró níbẹ̀, òun ló ni owó, òun ló mọ aṣọ tó wá rà. Àwọn mìíràn á kàn gbá ọwọ́ afọ́jú mú, wọ́n á wọ́ ọ sọdá títì láì bi í bóyá ó fẹ́ sọdá. Wọ́n rò pé oore ni wọ́n ṣe. "Ẹ kú ìrìn o, ṣé kí n ràn yín lọ́wọ́?" kì í gba àsìkò, kì í sì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ní ti òtítọ́, náírà fúnra rẹ̀ ló ń dán wa wò lójoojúmọ́. ₦200, ₦500 àti ₦1,000 gùn bákan náà, wọ́n fẹ̀ bákan náà. Àwọ̀ ni ẹni tó ríran fi ń yára dá wọn mọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹni tí kò ríran fi máa ń ká owó wọn kí wọ́n tó jáde nílé. Wọ́n á ká irú kan sí méjì, wọ́n á ká òmíràn sí mẹ́rin, wọ́n á sì fi irú kan sílẹ̀ láìká. Owó tí wọ́n kó jáde kò níṣòro. Ṣẹ́ńjì ni ìṣòro. Nígbà tí ẹlẹ́ja bá ń kó ṣẹ́ńjì lé wọn lọ́wọ́, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ló mọ ohun tó kó sílẹ̀. Mo mọ àwọn ìyá kan tó jẹ́ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á lé oníbàárà lọ́wọ́: "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta rèé o. Igba rèé. Igba mìíràn rèé." Wọ́n á dúró kó ká a bó ṣe fẹ́, kó fi sí àpò tó fẹ́, kí wọ́n tó dá ẹlòmíràn lóhùn. Bí wọ́n bá ní kí n fi ọmọlúàbí kan hàn ní Ọjà Ọba, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wọ̀nyí ni mo máa kọ́kọ́ mú wọn lọ, kí n tó mú wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ju ẹgbẹ̀rún náírà sínú igbá alágbe.

A ní òwe kan tí a fẹ́ràn láti máa pa lórí ọ̀rọ̀ yìí, pé màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Òwe ìtùnú ni, ó sì dára lẹ́nu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́nu ẹni tó gbé pẹpẹ dí ọ̀nà, kò bójú mu rárá. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún Olúwa nìkan. Wọ́n ní ọwọ́ Ọbàtálá fúnra rẹ̀ ló mọ arọ, abuké, àfín àti aràrá, wọ́n sọ wọ́n di ẹni òrìṣà, wọ́n sì fi ẹmu ṣe èèwọ̀ fún àwọn ọmọ Ọbàtálá nítorí ìtàn ọjọ́ tí ẹmu pa á nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá fi ẹni òrìṣà ṣe yẹ̀yẹ́, òrìṣà ló ń bú. Ìyẹn dára, mo sì ń fi yangàn. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni pé nínú ilẹ̀ kan náà yìí ni àwọn ìdílé kan ti ń ti ọmọ mọ́ yàrá ẹ̀yìn kí àlejò má bàa rí i. Ẹni òrìṣà kò gbọdọ̀ di ẹni inú yàrá.

Ẹ bi Ìjẹ̀ṣà léèrè bí iṣẹ́ ṣe ń gbé ènìyàn níyì. Àwọn òṣómàáló gbé aṣọ láwìn kiri ìlú àti ìletò, wọ́n padà lọ́jọ́ owó, wọ́n lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí owó wọn fi pé. Títí di òní, ọmọ Iléṣà ń fi wọ́n yangàn. Ilẹ̀ tó bọ̀wọ̀ fún òwò tó báyìí, ṣé ó yẹ kí arọ tó mọ iṣẹ́ aránṣọ tàbí tó ń tún fóònù ṣe máa wá ìsọ̀ kiri, kí wọ́n sì sọ fún un pé ìsọ̀ tó ṣófo kò ju ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ? Afọ́jú ni Benjamin Adéróunmú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kòkòrò. Ó lu sámbà, ó kọrin káàkiri ìgboro Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni Cyprian Ekwensi wò kó tó kọ ìwé The Drummer Boy. Ó kú ní 2009. Ìgboro ni ìsọ̀ tirẹ̀. Ó ṣeé ṣe fún un torí pé orin kì í béèrè ìsọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn là ń sọ. Yínká Ayéfẹ́lẹ́ ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí di oṣù Kejìlá ọdún 1997, nígbà tí jàǹbá ọkọ̀ ba ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà tó fi di olórin tí ilẹ̀ Yorùbá ń jó sí, orí rẹ̀ ló wà tó fi dá Fresh FM sílẹ̀ n'Ìbàdàn tó sì ń gba ènìyàn síṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àtilẹ̀wá, èyí tí wọ́n ń pè ní wild polio, ti kúrò ní Áfíríkà. Àwọn tí àrùn náà sọ di arọ lọ́mọdé kí ọjọ́ náà tó dé ti di baba àti ìyá, wọ́n sì ní láti bọ́ ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnìkan nínú mẹ́fà láyé ló ní àbùkù ara tó ń dí i lọ́wọ́. Orúnkún ìyá àgbà tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́ wà nínú rẹ̀.

Àwọn oníṣòwò ní èsì kan, ó sì tọ́ ká gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọjà há, owó ìsọ̀ ga, etí títì nìkan ló kù fún tálákà. Òótọ́ ni. Ìyá tó jókòó sétí gọ́tà kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́nà. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Nítorí náà, mi ò fara mọ́ kí àwọn aṣojú ìjọba ìbílẹ̀ gbé pàṣán jáde. Iṣẹ́ ìjọba ni láti bo gọ́tà náà dáadáa, kí a yé gba orí pákó méjì kọjá. Ti ẹ̀gbẹ́ ọjà ni láti fa ìlà tí pẹpẹ kò gbọdọ̀ kọjá. Ibi tí ọmọlanke ń gbà kọjá, kẹ̀kẹ́ arọ á gbà á.

Òfin pàápàá kò dákẹ́. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ní 2010, Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2011. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó ka dídẹ́yẹ sí wọn léèwọ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè: ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún ẹnìkan, mílíọ̀nù kan náírà fún ilé iṣẹ́. Ó ní kí a máa kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá tò sí. Ó ka fífi aláàbọ̀ ara tọrọ báárà léèwọ̀. Ó sì fún gbogbo ilé tí ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún kí wọ́n fi tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Síbẹ̀, àwọn báńkì kan ṣì wà tó jẹ́ pé ìlẹ̀kùn gíláàsì wọn tó ń gba ẹnìkan lẹ́ẹ̀kan kò lè gba kẹ̀kẹ́ arọ, tí oníbàárà á sì máa dúró sínú oòrùn títí ẹnìkan á fi jáde wá bá a.

Iṣẹ́ náà kò le tó bí a ti ń rò. Bí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a máa ṣe sí i gbọ́dọ̀ gùn tó sẹ̀ǹtímítà 180, ìyẹn ni pé ìlọ́po méjìlá gíga rẹ̀ ni gígùn rẹ̀. Ìṣirò yìí ló ṣe pàtàkì. Mo ti rí èyí tí wọ́n ṣe tó ga sókè bí òrùlé ilé, tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ sórí rẹ̀ á ṣubú sẹ́yìn. Wọ́n kàn ṣe é kí olùyẹ̀wò lè rí nǹkan kọ sílẹ̀ ni. Kí ìlẹ̀kùn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90. Kí irin ìdìmú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà. Bíríkìlà kan lè parí iṣẹ́ náà kí ọ̀sẹ̀ tó tán.

Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti babalọ́jà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin onílé tí ẹ ń kọ́ ìsọ̀ sí Òṣogbo, sí Iléṣà àti sí àyíká ọjà Atakúnmọ́sà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe àwọn aláàbọ̀ ara tó ń ná ọjà yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ mú wọn rìn yí ọjà ká, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn tọ́ka sí ibi tó ń há wọn. Ẹ má fi sàárà dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí bíríkìlà máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.