ÌṢỌ́ ÀTI ÀṢÍRÍ

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí olùṣọ́ ilé mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú yàrá? Ọmọ Ìpè-Àkókó tí ó bá fẹ́ wọ Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá ní láti tẹ ìka fún JAMB. Láti 2021, ó ní láti mú nọ́ńbà ìdánimọ̀ wá pẹ̀lú. Èyí dára, kí ẹlòmíràn má bàa fi orúkọ rẹ̀ ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, alágbẹ̀dẹ a rọ òmíràn. Bí àmì ìka bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ta ni yóò rọ ìka titun? Nítorí náà ni òfin Nàìjíríà ti 2023 ṣe pàṣẹ pé kìkì ohun tí iṣẹ́ nílò ni kí a gbà. Olùṣọ́ tí ó bá gbà ju èyí lọ, òun gan-an ni ó yẹ kí a ṣọ́.