TA NI Ń BÁ ỌMỌ WA SỌ̀RỌ̀?

Ibi kíkà: Deutarónómì 6:4-9, 2 Tímótì 1:5



Mósè kò ní kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì háyà ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn. Àwọn òbí fúnra wọn ni ó ní kí wọ́n máa bá ọmọ sọ ọ́, nínú ilé àti lójú ọ̀nà.

Mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọmọ mi kan, ọmọ ọdún 3, ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bí mo bá fẹ́ rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́, tàbí tí mo fẹ́ múra ìpàdé, fóònù ni mo máa ń gbé fún un. Ilé á dákẹ́ rọ́rọ́. Mo tilẹ̀ ń yangàn pé ọmọ náà kì í yọ ènìyàn lẹ́nu! Ó mọ orin òyìnbó inú fóònù dé òpin, ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, "Kí lo jẹ?" ẹnu wa ni yóò kàn máa wò. Èmi tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ABD.

Ọmọdé kì í ti inú gbígbọ́ nìkan mọ ọ̀rọ̀ sọ. Yóò nàka sí ewúrẹ́, ìyá yóò pe orúkọ ewúrẹ́, ọmọ yóò gbìyànjú láti pè é, ìyá yóò tún un ṣe. Fóònù ń sọ̀rọ̀, kì í dúró gbọ́ èsì. (Ti ọmọ tó ń rí ìyá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí fóònù yàtọ̀, ìyẹn ń dá a lóhùn.) Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n rárá, ọmọ ọdún 2 sí 4 kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́, bí ó bá sì dín sí i, ó sàn jù bẹ́ẹ̀.

Pọ́ọ̀lù dárúkọ Lóìsì, ìyá àgbà Tímótì, kí ó tó kan Yúníìsì ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá àgbà, àwọn ọmọ wa wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó. Ọwọ́ wa ni wọ́n fi ọmọ sí. Ẹ má sì jẹ́ kí a tún máa fi fóònù pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, bátìrì fóònù kú, ọmọ bú sẹ́kún. Mo ní, "Ààlọ́ o!" Kò dáhùn. Kò mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn dáhùn. Ojú tì mí nínú òkùnkùn níbẹ̀. Mo kọ́ ọ.

Fóònù ti wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù báyìí. Òun ló ń bá mi ka ẹja sínú abọ́, ọbẹ̀ sì ń pẹ́ kí ó tó jinná. Ní alẹ́ àná, n kò tíì jókòó tán tí ó fi ké pè mí pé, "Màmá, ààlọ́ o!"