Ènìyàn Rere Tí Iṣẹ́ Rẹ̀ Kò Péye

Kò ṣòro fún ọ̀gá láti mọ ohun tí yóò ṣe sí òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ olè tàbí aláfojúdi, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí ó ṣòro ni ẹni tí ó ń kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ní òwúrọ̀, tí ó ń bẹ aláìsàn wò, tí ó ń mú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nígbà tí inú wọn bàjẹ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ tí a fi lé e lọ́wọ́ kò tẹ̀ síwájú. Kí ni ó tọ́ kí a ṣe sí irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo ní irú olùkọ́ yìí. Àwọn ọmọ a máa sáré pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ohùn orin rẹ̀ kò sì ní ẹgbẹ́, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ tí dùùrù rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọdún mẹ́ta ni ó fi kọ́ kíláàsì kejì, ọdọọdún sì ni olùkọ́ kíláàsì kẹta ń wá sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí òun ń gbà kò lè ka ìwé. Mo ní kí ó ṣe sùúrù. Mo ka ara mi sí aláàánú. Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan mú lẹ́tà ọkọ rẹ̀ wá kí n bá òun kà á. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ti jókòó ní kíláàsì wa fún ọdún mẹ́ta, dúró tì í, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà náà ni ó tó yé mi pé àánú tí mo ń ṣe, ọmọ yẹn ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

Mo rántí ohun tí a kọ nípa ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Ọ̀gágun Ambrose Burnside jẹ́ ẹni tí ènìyàn púpọ̀ fẹ́ràn, ó sì ti ṣẹ́gun ní North Carolina ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1862. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá ti Potomac lọ̀ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó kọ̀, ó ní òun kò tó iṣẹ́ náà. Ní oṣù November ọdún náà, Ààrẹ Lincoln tún fi lé e lọ́wọ́, ó sì gbà. Ní oṣù December, ní Fredericksburg, ó rán ẹgbẹ́ tẹ̀lé ẹgbẹ́ gun òkè tí àwọn ọ̀tá ti ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn ògiri òkúta. Àwọn tí ó kú, tí ó gbọgbẹ́, tàbí tí a kò rí mọ́ lé ní 12,000. Ní oṣù January 1863, a gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ta á nù. A rán an sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ó ti gba ìlú Knoxville, tí ó sì dì í mú ṣinṣin. N kò sọ pé ìṣípòpadà tán gbogbo ọ̀ràn, nítorí ó tún kùnà ní Petersburg ní 1864. Ohun tí ó dùn mí ni pé ọkùnrin náà ti sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, a kò sì gbọ́.

Èmi kò tilẹ̀ bi olùkọ́ tèmi léèrè. Nígbà tí mo pè é níkẹyìn, tí mo ti ìlẹ̀kùn, tí mo sì fi ìwé àwọn ọmọ náà hàn án, ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní láti ọdún kìíní ni òun ti mọ̀ pé òun kò mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ kékeré láti so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀. “Ọ̀gá,” ni ó wí, “ọdún mẹ́ta ni ẹ fi ń yìn mí.”

N kò rí èsì fún un. Mo fi í sí ọ̀dọ̀ olùkọ́ àgbà obìnrin kan fún sáà ẹ̀kọ́ kan kí ó máa wò ó bí ó ti ń ṣe é, mo sì sọ iye ojú ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè kà kí sáà náà tó parí. Kò dé ibi tí mo fi sí, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lẹ́yìn náà, a fi í sí kíláàsì àwọn ọmọ ńlá, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti dára. Ní ti àwọn ọmọ tí ó ti kọjá lọ́wọ́ rẹ̀, mo pè wọ́n padà fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Díẹ̀ ni ó wá. Ọmọ obìnrin onílẹ́tà náà kò sí nínú wọn.