Khutuba Ọjọ́ Jímọ̀: Ọdún Orí, Làákàyè àti Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀

Gbogbo ọpẹ́ àti ẹyìn ti Ọlọ́hun Ọba Allāhu ni, Ẹni tí ó dá ọmọ ènìyàn ní aláìlágbára, tí ó sì fún un ní agbára díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń gòkè. A jẹ́rìí pé kò sí ẹlòmíràn tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Òun nìkan ṣoṣo, a sì jẹ́rìí pé ẹrúsìn Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń gba ara wa níyànjú pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun nínú ilé wa, lójú pópó, àti nínú ohun tí a ń fi lé ọmọ wa lọ́wọ́.

Ó ti pẹ́ tí àwọn kan láàrin wa ti ń béèrè pé ṣé kò yẹ kí ìjọba gbé iye ọdún tí ọmọ lè fi bẹ̀rẹ̀ sí wakọ̀ sókè, kí ó kúrò ní 18, kí ó di 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbéèrè eré kọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ nínú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 2023 pé nǹkan bí 1,190,000 ènìyàn ni ìjàm̀bá ojú pópó ń pa lọ́dọọdún, àti pé láti orí ọmọ ọdún 5 títí dé ẹni ọdún 29, kò sí ohun mìíràn tí ń pa wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwa tí a ń gbé Ìbógùn níhìn-ín, tí ọ̀nà wa já sí Ìfọ̀ àti títì Abẹ́òkúta, níbi tí tírélà sìmẹ́ǹtì ti ń lọ tí ó ń bọ̀ tọ̀sán-tòru, kò di ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ka iye fún wa kí a tó mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìbátan wa ní Mòwé àti Ìbàfò. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978 nígbà tí ọmọ Ìbógùn yìí kan náà wà lórí àga ìjọba, ẹnu ọ̀nà wọn ni ó gbà kọjá.

Ṣùgbọ́n kí a tó ní kí ìjọba yí òfin padà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wí. Ìlànà ìrìnnà ojú pópó ti orílẹ̀-èdè yìí, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2012, sọ pé ẹni tí yóò wa ọkọ̀ ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 18, àti pé ẹni tí yóò máa fi ọkọ̀ kó èrò gbowó gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 26. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: 26. Ẹ wá dúró sí oríta wa ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà, kí ẹ wo àwọn tí ń gbé èrò lórí ọ̀kadà, àwọn tí ó jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ Màrúwá, àti àwọn tí ń wa kọ̀ròpẹ́. A kò ka iye wọn o, ṣùgbọ́n a mọ ojú tí irùngbọ̀n ti hù dáadáa, a sì mọ ojú tí kò tíì hù. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní kí a sọ 18 di 21, ohun tí a máa ń bi í ni pé, ta ni ó ń pa 18 mọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òfin ọjọ́ orí jẹ́ ohun tí àwọn òyìnbó kó wá. Nígbà tí ogun Úhúdù fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, ní ọdún kẹta Híjírà, Abdullāhi ọmọ Umaru wá síwájú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó fẹ́ bá wọn lọ. Ọmọ ọdún 14 ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò gbà fún un. Nígbà tí ó wá sí ogun Kòtò, tí ó ti di ọmọ ọdún 15, ó gbà fún un. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn rẹ̀, Bukhari àti Muslim sì gbà á wá. Ẹ ronú sí i: ọmọ tí ń bẹ̀bẹ̀ láti kú sójú ọ̀nà Ọlọ́hun, wọ́n ní kí ó padà sílé nítorí pé kò tíì tó. Àwa wá ń jẹ́ kí ọmọ ọdún 14 gbé aboyún sẹ́yìn ọ̀kadà lọ sí Ìfọ̀ lálẹ́.

Àwọn òpìtàn ẹ̀sìn sọ pẹ̀lú pé ní ọjọ́ Úhúdù yẹn kan náà, wọ́n gba Ráfíù ọmọ Khadíjù láàyè bí ó tilẹ̀ kéré, nítorí pé ó mọ ọfà ta. Ọmọ mìíràn, Samúrà ọmọ Jundúbù, ni wọ́n ti dá padà. Ó ní òun lè dá Ráfíù. Wọ́n ní kí wọ́n jà á wò. Ó dá a, wọ́n sì mú un. Nítorí náà, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ka ọdún, lẹ́yìn náà ó tún wo ohun tí ọwọ́ ọmọ náà lè ṣe, ní gbangba, lójú gbogbo ènìyàn.

Ẹnìkan lè sọ pé, bí ó bá jẹ́ pé ọdún 15 ni wọ́n gba Abdullāhi, kí ni ìjọba ń fi 18 dá wa lẹ́kun sí? Ẹ jẹ́ kí a rántí pé nínú mádhábì Ìmáámù Málíkì, tí àwọn àlùfáà wa ti ń tẹ̀lé láti ìgbà àwọn baba ńlá wa, ọdún 18 gan-an ni wọ́n sọ pé a ó ka ọmọ tí àmì bàlágà kò bá hàn lára rẹ̀ sí àgbà. Ìmáámù Abū Hanífà sì sọ nípa ẹni tí ó ti bàlágà ṣùgbọ́n tí làákàyè rẹ̀ kò tíì pé pé a lè dá dúkìá rẹ̀ dúró títí yóò fi pé ọdún 25. Àwọn àgbà wọ̀nyí kò rí ọkọ̀ rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé bíbàlágà yàtọ̀ sí níní làákàyè.

Ibi tí wọ́n ti rí i ni Sùúrà Nísáù, ẹsẹ 6. Ọlọ́hun pàṣẹ níbẹ̀ fún alágbàtọ́ ọmọ òrukàn pé kí ó máa dán ọmọ náà wò, àti pé nígbà tí ọmọ bá tó ọkọ tàbí aya fẹ́, tí a sì rí òye lára rẹ̀, ìgbà náà ni kí a tó kó dúkìá rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Dúkìá tirẹ̀ ni o. Ogún baba rẹ̀ ni. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ kó o fún un kí ó tó tó.

A mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí ohun kan tí a ń rí ládùúgbò wa. Ọkùnrin kan kú, ó fi ìyàwó, ọmọ mẹ́rin àti ọ̀kadà kan sílẹ̀. Ilé-ìwé gbowó, ilé gbowó, iṣu wọ́n lọ́jà. Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí ọkùnrin, ọmọ ọdún 15, mú kọ́kọ́rọ́ tí ó wà lórí ìṣó, ó gbé ọ̀kadà baba rẹ̀ jáde, ó sì mú owó wálé lálẹ́. Ìyá rẹ̀ sunkún, ó sì gba owó náà. Ta ni yóò bá obìnrin yìí wí? Ẹnu wa kọ́. Ọ̀kadà yẹn gan-an ni dúkìá ọmọ òrukàn tí ẹsẹ náà ń sọ, alágbàtọ́ rẹ̀ sì ni àwọn arákùnrin olóògbé, àti ìdílé rẹ̀, àti àwa ìjọ tí a kírun sí òkú rẹ̀ lára. Ojúṣe wa ni láti wá àgbàlagbà olóòótọ́ kan tí yóò máa gùn ún, tí yóò sì máa jíṣẹ́ owó fún obìnrin náà lálaalẹ́ níwájú ẹlẹ́rìí. Bí a kò bá ṣe èyí, tí a wá ń pariwo pé kí ìjọba gbé òfin sókè, a ti ju ẹrù wa sórí ẹlòmíràn.

Ẹ má sì gbàgbé pé ẹni tí ó bá ṣèèṣì pa ènìyàn kò bọ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú Sùúrà kan náà, ẹsẹ 92, owó ẹ̀mí wà fún ẹbí olóògbé, àyàfi tí wọ́n bá fi í tọrẹ, ìtánràn sì wà, èyí tí ẹni tí kò rí ẹrú dá sílẹ̀ yóò fi ààwẹ̀ oṣù méjì léraléra san. Tí ó bá jẹ́ pé ọmọdé ni ó ṣeé ṣe, àwọn onímọ̀ ní orí àwọn ẹbí rẹ̀ ni owó ẹ̀mí yóò bọ́ sí. Ẹ̀yin baba tí ẹ ń fi kọ́kọ́rọ́ Camry yín rán ọmọ ọdún 16 lọ ra búrẹ́dì, tí ẹ sì ń rẹ́rìn-ín pé ó ti mọ ọkọ̀ wà, ẹ̀yin ni à ń bá wí.

A sọ ọ̀rọ̀ yìí, a sì ń tọrọ àforíjì Ọlọ́hun fún ara wa àti fún gbogbo Mùsùlùmí.

Khutuba kejì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ẹ̀yin ìran Mùsùlùmí, ṣé kí wọ́n gbé 18 sókè? Èrò tiwa ni pé kí wọ́n fi sílẹ̀ bí ó ti wà, kí àwa sì pa á mọ́. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 17 lè wa ọkọ̀. Ilẹ̀ Faransé pàápàá dín tiwọn kù láti 18 sí 17 ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1935 ni ìdánwò ìwakọ̀ ti di dandan. Ọmọ tí ó bá fìdí rẹmi yóò padà lọ kọ́ ọ sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí ó bá fi owó gba ìwé àṣẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀ rí, kódà kí ó jẹ́ ẹni 40 ọdún, ọmọdé ni lójú títì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ti sọ nípa ẹni tí ń tọ́jú aláìsàn tí a kò mọ̀ ọ́n mọ iṣẹ́ ìṣègùn pé òun ni yóò san ohun tí ó bá bàjẹ́. Dírẹ́bà tí kò kọ́ṣẹ́, ọ̀nà kan náà ni. Ọmọ ọdún 19 tí ó kọ́ ọ dójú àmì ńkọ́, tí ó sì ń wa ọkọ̀ baba rẹ̀ gbé ìyá àgbà lọ sí ọsibítù? Àwa kò rí ìdí tí a ó fi dá a dúró títí di 21. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi Usámà ọmọ Zaidu ṣe olórí ọmọ ogun nígbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju bí ogún ọdún lọ, àwọn àgbà sàábé sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Nítorí èyí, ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí ti fẹnu kò pé láti Jímọ̀ tí ń bọ̀, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ tàbí gun ọ̀kadà wọ ọgbà yìí, ìbáà jẹ́ ọmọ Lèmọ́mù. Ìdílé opó tí ó bá ní ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé lẹ́yìn ìrun, kí a lè bá wọn wá ẹni tí yóò máa gùn ún. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń wa ọkọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí àléébù, a ń wá ẹni mẹ́ta nínú yín tí yóò máa kọ́ àwọn tí ó ti pé 18 ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, lórí pápá, kì í ṣe lójú títì.

Ọlọ́hun, ṣọ́ àwọn ọmọ wa ní àlọ àti ní àbọ̀. Dárí jin àwọn tí wọ́n kú sójú ọ̀nà, kí O sì ṣe ìtùnú fún àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Jẹ́ kí àwọn alágbàtọ́ mọ ẹrù tí ó wà lọ́rùn wọn. Àmín.

Ẹ dìde sí ìrun. Ẹ to ìlà yín gún.